Bí ẹ ṣe lè pín iṣẹ́ kíláàsì fún àwọn ọmọ kékeré, kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń bójú tó nǹkan

Ọmọ ọdún mẹ́rin tí ìyá rẹ̀ ń rán lọ sílé kejì láti lọ gba àwo wá, tó ń lọ, tó ń kí àgbà ibẹ̀ dáadáa, tó sì ń gbé àwo náà bọ̀ láìfọ́, ọmọ yìí kan náà ni tíṣà ń bá ṣí ike omi ní kíláàsì. Tíṣà ló ń bá a kó ìwé sínú báàgì, tíṣà ló ń bá a ṣa bébà tó já sílẹ̀ lábẹ́ àga rẹ̀. Ọgbọ́n ọmọ náà kò dín kù nígbà tó wọ géètì ilé ìwé. Àwa la gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta sí méje, yálà ní jẹ́lé-ó-sinmi tàbí ní kíláàsì kìíní àti ìkejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí a bá fún ọmọdé gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ gidi. Bí kò bá ṣe é, kí gbogbo kíláàsì rí i pé nǹkan kan kù. Ọmọ tí wọ́n fi káàdì “igbákejì tíṣà” kọ́ lọ́rùn láti àárọ̀ títí agogo ìparí fi lù, tí kò sì sí ohun tó fọwọ́ kàn, oyè lásán ni wọ́n fi í jẹ, òun náà sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń bu omi ìfọwọ́ fún àwọn yòókù mọ̀ pé bí òun kò bá dìde, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní kan oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ iṣẹ́ ti ara yín sílẹ̀

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ fi odindi ọjọ́ kan kọ gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe ní kíláàsì tí kì í ṣe ẹ̀kọ́ kíkọ́. Ṣíṣí fèrèsé. Nínu bọ́ọ̀dù. Pípín ìwé àti gbígbà á padà. Títo bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Kíká ẹní lẹ́yìn oorun ọ̀sán. Bíbomi rin ewéko ojú fèrèsé. Kíka iye ọmọ tó wá. Ríránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Nígbà tó bá dalẹ́, ẹ fa igi lé èyí tó jẹ́ pé àgbàlagbà nìkan ló lè ṣe é láìfarapa. Èyí tó kù, ti àwọn ọmọ ni.

Ọmọ ọdún mẹ́ta lè to bàtà ní méjì-méjì, ó sì lè kó ohun ìṣeré padà sínú apẹ̀rẹ̀. Tó bá di ọdún mẹ́rin, ó lè pín ṣíbí, ó lè nu tábìlì, ó lè fi ike kékeré bu omi sí ìdí ewéko. Ọmọ ọdún márùn-ún ti lè gbálẹ̀, ó lè pín ìwé fún ìlà tirẹ̀, ó sì lè jíṣẹ́ dé kíláàsì kejì. Èyí tó ti pé mẹ́fà tàbí méje lè ka iye ọmọ tó wá kó sì kọ ọ́ sígun bọ́ọ̀dù, ó lè kọ déètì, ó lè máa bójú tó ibi tí a ń kó ìwé ìtàn sí. Ẹ má tẹ̀ lé ọjọ́ orí nìkan ṣá o. Ẹ̀yin lẹ mọ àwọn ọmọ yín.

Ẹ jẹ́ kí ojú ọjọ́ náà yan iṣẹ́ fún yín. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ máa ń da eruku sórí gbogbo tábìlì kí àwọn ọmọ tó dé, nítorí náà ẹni tó ń nu tábìlì máa nílò ẹnì kejì. Ní oṣù Kẹfà, ẹrẹ̀ ló kù: ẹ yan alábòójútó bàtà àti agbòjò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yọ iṣẹ́ tí kò yẹ ọmọdé kúrò

Omi gbígbóná, oúnjẹ gbígbóná, bíléèdì tí wọ́n fi ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù, ìgò tó fọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, owó, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún, kọ́kọ́rọ́ géètì: gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún àgbà.

Èyí tó gba àlàyé ni kíkọ orúkọ aláriwo. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti inú rẹ̀ kọjá. Tíṣà á jáde, á ní kí kápítéènì kọ orúkọ àwọn tó ń pariwo sórí bọ́ọ̀dù. Nígbà tó bá wọlé padà, ẹgba á bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àkọ́kọ́. Ohun tí kápítéènì ń kọ́ níbẹ̀ ni bí a ṣe ń yọ orúkọ ẹni tó fún wa ní búrẹ́dì, àti bí a ṣe ń fi ti ẹni tí a bá jà lánàá sí i. Àwọn yòókù ń kọ́ bí a ṣe ń bẹ̀rù ọmọ ẹgbẹ́ ẹni. Iṣẹ́ kíláàsì, ìtọ́jú nǹkan ni, tàbí ìrànlọ́wọ́ fún èèyàn. Ṣíṣọ́ ẹlòmíì àti fífìyà jẹ ẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Bí àriwo bá pọ̀ jù, tíṣà ló ni ìyẹn.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ sá fún ni fífi iṣẹ́ jẹ ọmọ níyà. Ọmọ pẹ́ dé, wọ́n ní kó lọ ṣa ìdọ̀tí. Kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé, wọ́n ní kó lọ gbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ tí ẹ bá fi ṣe pàṣán lọ́jọ́ Ajé kò lè di ohun iyì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ má sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tó ṣẹ̀. Ẹni tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà láàárọ̀ ṣì ní ewéko tó ń retí omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan

Pé ọmọ ti rí ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó mọ ilẹ̀ gbá. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ máa kọ́ gbogbo kíláàsì lóòjọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ wò ó, torí gbogbo wọn ló máa kàn.

Ẹ jẹ́ ká mú gbígbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ ọwọ̀ tí àgbà ń lò gùn, ó sì tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ẹ tú u, kí ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ẹ fi okùn di ọ̀kọ̀ọ̀kan le ní ojú méjì. Bó bá ṣì gùn jù, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ gé, ẹ má gé orí, torí orí tó rọ̀ yẹn ló ń gbá ilẹ̀. Ẹ fọwọ́ wọ́n omi díẹ̀ sílẹ̀ kí eruku má bàa sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya àmì róbótó kan sáàárín ilẹ̀, kó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. Inú àmì yẹn ni ọmọ yóò gbá gbogbo ìdọ̀tí wá. Ọmọ kékeré tí ẹ bá kàn sọ fún pé “gbá ilẹ̀” á máa ti ìdọ̀tí kiri láti ògiri dé ògiri, nítorí kò mọ ibi tí iṣẹ́ ń parí sí. Tó bá ti rí àmì, ó ti mọ̀.

Ẹ ṣe é lójú wọn lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀, láìsọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu yín ni wọ́n máa wò, wọn ò ní wo ọwọ́ yín. Ẹ wá pe ọmọ kan kó ṣe é, kí ẹ sì bi àwọn yòókù pé, “Kí ló kọ́kọ́ ṣe? Kí ló ṣe tẹ̀ lé e?” Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní àdúgbò San Lorenzo nílùú Róòmù ní 1907, fi irú nǹkan báyìí ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀: àga àti tábìlì tó bá ìwọ̀n ọmọ mu, àti ọmọ tó ń tọ́jú wọn fúnra rẹ̀. Tiwa kò ju ìgbálẹ̀ tí a pín sí mẹ́ta lọ, ó sì tó.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù láti kọ́ ọmọ ni ìjíṣẹ́, torí ẹ̀kọ́ ilé pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kúrú: ohun kan fún ọmọ ọdún márùn-ún, ohun méjì fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Lẹ́yìn tí ẹ bá sọ ọ́ tán, ẹ bi í pé, “Kí ni mo ní kí o sọ?” Kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan títí yóò fi sọ ọ́ padà fún yín. Ẹ kọ́ ọ bí yóò ṣe kan ilẹ̀kùn, bí yóò ṣe dúró kí wọ́n dá a lóhùn, bí yóò ṣe kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, àti bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀: “Ẹ káàárọ̀ mà. Àǹtí wa ní kí n kí yín. Wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ bá àwọn fi ṣọ́ọ̀kì méjì ránṣẹ́.” Ẹ bá olùkọ́ kíláàsì kejì sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó má bàa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọmọ. Àwọn àgbà kan máa ń rí ọmọ lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n á ti sọ pé, “Ṣọ́ọ̀kì ni, àbí?” Kí wọ́n ní sùúrù. Kí ọmọ sọ ọ́ tán.

Èsì ló máa ń gbàgbé jù. Ẹni tí a rán níṣẹ́, tó lọ, tí kò mú èsì bọ̀, kò tíì jíṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tó bá dé, kódà bí ṣọ́ọ̀kì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ dúró kó sọ ohun tí wọ́n ní kó sọ. Méjì-méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ máa rán wọn, ibi tí ojú yín tó nìkan sì ni.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Bí ilé ìwé yín bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn, mo ṣì rọ̀ yín kí ẹ fi Yorùbá kọ́ iṣẹ́ kíláàsì níbi tí gbogbo ọmọ bá ti gbọ́ ọ. Ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babatunde Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi èdè rẹ̀ kọ́ kì í gbẹ́yìn. Ọmọ tó ń túmọ̀ àṣẹ lọ́kàn kó tó ṣe é, ìdajì ni yóò ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pín in, kó hàn sí gbogbo ojú

Ẹ ra kádíbọ́ọ̀dù kan. Ẹ ya àwòrán iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i, torí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì mọ ìwé kà: ìgbálẹ̀, ife, bàtà, ìwé, ewé. Ẹ kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sára pégì tí a fi ń sá aṣọ, kí ẹ fi pégì náà há ẹ̀gbẹ́ àwòrán iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí ojú ọmọ tó ni kí ẹ gbé kádíbọ́ọ̀dù kọ́ sí o.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ẹ ó máa pààrọ̀ pégì. Ọ̀sẹ̀ kan tó. Bó bá jẹ́ ojoojúmọ́ lẹ ń pààrọ̀, ọwọ́ ọmọ kò ní mọ́ iṣẹ́ kankan. Bó bá jẹ́ odindi táàmù, ẹnì kan á di ọba ìgbálẹ̀, àwọn yòókù á di òǹwòran. Fún ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ lè jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ lọ́kàn pé, “Ọmọ ọgọ́ta ló wà ní kíláàsì tèmi.” Ẹ pín wọn sí ìlà mẹ́fà, ọmọ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Iṣẹ́ kan fún ìlà kan lọ́sẹ̀ kan. Nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ọmọ méjì ló máa ṣe é lóòjọ́, nígbà tó bá fi di ọjọ́ Ẹtì, gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti ṣe. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, iṣẹ́ á ṣí lọ sí ìlà kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sí ọmọ tí iṣẹ́ kankan kò ní kàn, táàmù tó bá tó ọ̀sẹ̀ méjìlá sì gba ìyípo méjì.

Ẹ yan adelé. Iṣẹ́ adelé ni kó wo kádíbọ́ọ̀dù láàárọ̀, kó mọ pégì ẹni tí kò wá, kó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ipò yìí gan-an, ó sì ń kọ́ wọn láti máa bi ara wọn pé, “Lágbájá dà? Kí ló ṣe é?”

Nílé, ìgbálẹ̀ máa ń tètè já sọ́wọ́ ọmọbìnrin, wọ́n á sì ní kí ọmọkùnrin lọ gbé àga. Ní kíláàsì yín, pégì ni kó pín in. Ọmọkùnrin á nu tábìlì, ọmọbìnrin á to àga, ẹ má sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Bákan náà ni ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa: ó lè lu agogo, ó lè ka iye ọmọ, ó lè pín pẹ́ńsùlù látorí àga rẹ̀. Kó má ṣe sí pégì kankan tí kò níbi tí a há a sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì fọwọ́ lẹ́rán

Iṣẹ́ tí a ń ṣe nígbà tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé ti ń fun fèrè, tíṣà ló máa ń gbà á ṣe. Ẹ yọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ́tọ̀ kí agogo ìparí tó lù, kí ẹ sì yọ òmíràn ṣáájú oúnjẹ ọ̀sán. Ní ti ọwọ́ fífọ̀, kí ẹni tó ń bu omi máa ka oókan dé ogún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń fi ọṣẹ ra ọwọ́. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn, ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìlera ń fẹ́, òǹkà Yorùbá á sì mọ́ wọn lẹ́nu láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tó nira fún àgbà nìyí. Ọmọ gbálẹ̀ tán, èérún bísíkíìtì ṣì wà lábẹ́ tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọwọ́ yín á ti máa yún yín láti gba ìgbálẹ̀. Ẹ má gbà á. Bí ẹ bá tún un gbá lójú rẹ̀, ohun tí ẹ sọ fún un ni pé ohun tó ṣe kò já mọ́ nǹkan, lọ́la á fi í sílẹ̀ fún yín. Ẹ pè é, ẹ ní, “Lọ wo abẹ́ tábìlì yẹn fún mi.” Á lọ wò ó, á rí i, á gbá a. Bí ilẹ̀ bá ṣì nílò ọwọ́ àgbà, ó di ìgbà tí ọmọ bá ti lọ sílé.

Bó bá gbàgbé, ìbéèrè sàn ju àṣẹ lọ: “Ta ló ni ewéko lọ́sẹ̀ yìí?” Kí ẹ sì dákẹ́. Bí omi bá dànù, kó má di igbe. Ẹ gbé aṣọ ìnulẹ̀ kọ́ síbi tí ọwọ́ ọmọ tó, kó jẹ́ pé ẹni tó da omi ló máa lọ mú un wá fúnra rẹ̀.

Ẹ má fi súìtì san owó iṣẹ́ yìí. Ọmọ tí ẹ bá fún ní súìtì lónìí, lọ́la á kọ́kọ́ béèrè pé èlòó ni kó tó dìde. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: “Mo rí i pé o gbé àga kúrò kí o tó gbá abẹ́ rẹ̀.” Bí ẹ bá mọ oríkì rẹ̀, ẹ fi kún un: “O ṣeun, Àjọkẹ́.” Ẹ̀yin ẹ máa wo bí inú rẹ̀ ṣe máa dùn. Ìyẹn ju “ọmọ dáadáa” lọ, torí ọmọ dáadáa kò sọ ohun tó ṣe dáadáa fún un.

Ọmọ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní oníjàgídíjàgan ńkọ́? Ẹ fún un ní iṣẹ́ tó ní ìrìn nínú: ìjíṣẹ́, fèrèsé ṣíṣí, ìwé pípín. Àìlejókòó rẹ̀ á wúlò fún gbogbo yín. Èyí tí kì í sọ̀rọ̀, ẹ so ó pọ̀ mọ́ ẹnì kan tó ní sùúrù, kí wọ́n jọ máa ṣe é. Èyí tó bá sì kọ̀ jálẹ̀, ẹ má fi tipátipá mú un. Ẹ jẹ́ kí pégì rẹ̀ wà lára kádíbọ́ọ̀dù, kí adelé máa bá a ṣe é. Kì í pẹ́ tó fi máa ń wá gbà á padà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bá yín sọ ọ́

“Mi ò san owó ilé ìwé kí ọmọ mi máa wá gbálẹ̀ fún yín.” Ẹ máa gbọ́ ọ. Ẹ má fi ojú àìmọ̀kan wo ẹni tó bá sọ ọ́, nítorí àwọn ilé ìwé kan ti rán ọmọ lọ sóko tíṣà rí, wọ́n ti ní kí wọ́n pọn omi lọ sílé tíṣà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003 lòdì sí fífi ọmọdé ṣiṣẹ́ àfipáṣe. Nítorí náà, kí ààlà hàn kedere: iṣẹ́ kíláàsì jẹ́ ìtọ́jú ibi tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń lò, kò gùn, agbára rẹ̀ ká a, gbogbo ọmọ ló ń ṣe é ní ìpín-ìpín. Fífọ àwo tíṣà, nínu mọ́tò tíṣà, lílọ ra oúnjẹ fún tíṣà, kò sí èyí tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ààlà yìí sílẹ̀, kí ẹ kà á nípàdé òbí àti olùkọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, ṣáájú kí ọmọ kankan tó di ìgbálẹ̀ mú.

Ẹ lè sọ fún wọn pé ní Japan, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń wọ aṣọ funfun bu oúnjẹ ọ̀sán fún ara wọn, àwọn náà ló ń gbá kíláàsì tí wọ́n sì ń fi aṣọ nu ilẹ̀, ìjọba ibẹ̀ sì kà á sí ara ẹ̀kọ́. Íjíbítì náà ti gba ètò yìí: ní 2018 ni wọ́n ṣí àwọn ilé ìwé tó ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí òbí kọ̀ọ̀kan fún ọmọ ní ohun kan péré tó jẹ́ tirẹ̀ nílé, ohun tí kò ní sí ẹni tó máa bá a ṣe, bíi kíkó ṣíbí sórí tábìlì kí wọ́n tó jẹun alẹ́.

Ní táàmù kẹta, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ, kí ẹ bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ló yẹ kó wà lára kádíbọ́ọ̀dù tí kò sí níbẹ̀. Ẹ lè gbọ́ “ẹni tí yóò máa lé ewúrẹ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.” Bí ewúrẹ́ bá ń wọlé lóòótọ́, ẹ ya àwòrán ewúrẹ́, kí ẹ fi pégì há a. Iṣẹ́ tí wọ́n bá sì ti gbàgbé fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kíláàsì kò mọ̀ pé ó kù, ẹ yọ ọ́ kúrò.